Bí A Ṣe Kó Àwòrán Aṣọ Kúrò Nínú Fódà Tomcat: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Kan ní Kabba

Ètò tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ àkójọ aṣọ òfì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ kan ń lò, àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn wà káàkiri Kabba, Bùnú àti Ìjùmú. Ahunṣọ á fi fóònù ya àwòrán aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì, á kọ orúkọ aṣọ náà, ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, á sì fi àwòrán ránṣẹ́, kí oníbàárà tó wà ní Lọ́kọ́ja, Abùjá tàbí Èkó lè rí i. Java ni wọ́n fi kọ ọ́, servlet (kóòdù Java tó ń dáhùn ìbéèrè búráúsà) àti JSP (ojú ìwé tí Java ń kọ jáde) lásán ni, kò sí Spring, àkójọ irinṣẹ́ Java, nínú rẹ̀. Orí Tomcat 9, ètò tó ń gbé iṣẹ́ Java sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ti ń ṣiṣẹ́, MySQL ni dátábéèsì rẹ̀, nginx sì dúró níwájú gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, ọ̀pọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ sì dára. Ibi àwòrán nìkan ni wàhálà ti ń wá.

Màmá Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ṣe àlàyé wàhálà náà lọ́nà tó yé mi ju bí lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sáfà, ṣe ṣe é lọ. Wọ́n ní, “Òkun o, ọmọ mi. Àwọn aṣọ wa tún ti lọ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ tún un ṣe ni wọ́n máa ń lọ.” Mo bi wọ́n pé ṣé orúkọ aṣọ àti iye owó náà máa ń lọ pẹ̀lú. Wọ́n ní rárá, ìyẹn máa ń wà níbẹ̀, àyè àwòrán nìkan ló máa ń ṣófo. Gbólóhùn méjì yẹn ti tó láti mọ ibi tí a ó kọ́kọ́ wò.

Kóòdù tó ń gba àwòrán máa ń bi Tomcat léèrè ibi tí ètò náà wà lórí díìsìkì, pẹ̀lú getServletContext().getRealPath("/aworan"), ó sì ń kọ fáìlì síbẹ̀. Nígbà tí Tomcat bá rí fáìlì WAR tuntun, ìyẹn àpò tí a di gbogbo ètò náà sí, yóò pa fódà tó tú WAR àtijọ́ sí rẹ́ pátápátá, yóò sì tú tuntun sí àyè rẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú WAR náà, títí kan gbogbo àwòrán tí àwọn ènìyàn ti fi ránṣẹ́, bá a lọ nìyẹn. Bí ẹni tó ń bójú tó sáfà bá sì fi unpackWARs sí false, kí Tomcat má bàa tú WAR sórí díìsìkì, getRealPath yóò dá null (òfo) padà, kò tilẹ̀ ní sí ibi tí fáìlì lè dé rárá. Tomcat kò jẹ̀bi nínú èyí. Fódà náà jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì kó ẹrù sínú àgọ́ tí wọ́n ń wó ní gbogbo ọjọ́ ọjà kò lè bá onílé jà.

Kí iṣẹ́ náà tó dé ọwọ́ mi, ẹnìkan ti gbìyànjú àtúnṣe kan: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwòrán kéékèèké sínú dátábéèsì, nínú òpó kan tí irú rẹ̀ jẹ́ BLOB, irú òpó tó ń gba fáìlì. Àbájáde rẹ̀ yani lẹ́nu: apá òkè aṣọ máa ń hàn kedere, apá ìsàlẹ̀ á sì di eérú. BLOB nínú MySQL kò lè gbà ju báìtì 65,535 lọ. Nítorí pé wọ́n ti pa ìlànà líle MySQL kú lórí sáfà yẹn, kò kọ àwòrán tó bá pọ̀ jù, ńṣe ló ń gé e, tó ń fi ìkìlọ̀ lásán sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà. JPEG lásán sì máa ń tú láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìdajì aṣọ fi ń hàn. Ẹni tó bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kí ó lọ wo irú òpó náà kí ó tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. MEDIUMBLOB gba nǹkan bíi 16 MB, LONGBLOB sì gba 4 GB.

Mo ronú lórí bóyá kí a kàn yí BLOB padà sí LONGBLOB kí iṣẹ́ parí. Àǹfààní rẹ̀ wà lóòótọ́: àwòrán àti àlàyé rẹ̀ yóò jọ wọlé tàbí kí wọ́n jọ má wọlé, ẹ̀dà ìpamọ́ kan ṣoṣo yóò sì kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá wò yóò ní láti gba inú ìsopọ̀ dátábéèsì kọjá, yóò gba inú mẹ́mọ́rì Java kọjá, a ó sì máa tún iye max_allowed_packet, ìwọ̀n ìránṣẹ́ kan tí MySQL lè gbà, ṣe léraléra. Ẹ̀dà dátábéèsì, tí kò ju fáìlì kékeré kan lọ báyìí, yóò wú débi tí kò ní rọrùn láti gbé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ní níbí. Ọ̀nà kejì ni kí a háyà ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó dà bí S3 ti Amazon. Ìyẹn dára púpọ̀ fún ètò tó ní sáfà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ rí àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n sáfà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ yìí ní, owó dọ́là oṣooṣù kì í sì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ahunṣọ fẹ́ gbọ́. A fẹnu kò sí díìsìkì sáfà náà gan-an, níta Tomcat, kí dátábéèsì máa mú orúkọ fáìlì nìkan lọ́wọ́.

Fódà tuntun náà ni /srv/aso. Mo pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta: atilewa fún àwòrán bó ṣe dé láti inú fóònù, tita fún ìwọ̀n tí oníbàárà ń rí, àti igbale fún fáìlì tí kò tíì wọlé tán. Ọ̀nà dé fódà náà wà nínú ìlà Parameter nínú fáìlì context (fáìlì ètò Tomcat), lóde WAR, tí servlet ń fi getInitParameter kà, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn má bàa ní láti fọwọ́ kan kóòdù. Mo fún aṣàmúlò tomcat ní àṣẹ lórí rẹ̀ pẹ̀lú chown, mo sì dán an wò. Àṣìṣe tó jáde ni “Read-only file system” (díìsìkì tí a lè kà nìkan), bẹ́ẹ̀ sì ni díìsìkì náà kò ní àléébù kankan, touch, àṣẹ tó ń dá fáìlì òfo, ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí mo bá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí nítorí pé ó lè gba ọ̀sán ẹni lọ́wọ́ ẹni. Tomcat 9 tó wá láti inú àpò Debian àti Ubuntu máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ systemd, tó ń bójú tó àwọn ètò orí sáfà, pẹ̀lú ìdènà kan: gbogbo díìsìkì di ohun tí a lè kà nìkan lójú rẹ̀, àfi àwọn fódà díẹ̀ tí wọ́n dárúkọ, bíi webapps àti fódà lọ́ọ̀gì. Àṣẹ chown kò ní ohun tó lè ṣe sí i, chmod 777 tí àwọn ènìyàn máa ń sáré tẹ̀ kò sì ní ohun tó lè ṣe sí i ju pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún olè lọ. Ohun tó tọ́ ni kí a tẹ systemctl edit tomcat9, kí a sì fi ìlà méjì yìí sí i:

[Service]
ReadWritePaths=/srv/aso/

Lẹ́yìn náà ni daemon-reload àti restart. Ìdènà náà dára, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà fún gbogbo ibi yòókù.

Apá ìgbà-wọlé kò gba àkókò púpọ̀. @MultipartConfig, tó ń jẹ́ kí servlet gba fáìlì fúnra rẹ̀, ti wà láti ìgbà Servlet 3.0 tó jáde ní 2009, nítorí náà mo yọ Commons FileUpload tí kóòdù àtijọ́ ń gbé kiri kúrò. Mo fi maxFileSize sí 15 MB. Nginx ní tirẹ̀ kì í gbà ju 1 MB lọ bí a kò bá sọ fún un, nígbà tí àwòrán fóònù òde òní sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. 413 (ìránṣẹ́ ti tóbi jù) ni ìdáhùn rẹ̀, Tomcat kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohunkóhun nínú lọ́ọ̀gì Java. Mo gbé client_max_body_size sókè sí 16m. Kí ẹni tó bá ń lo Part.write, tó ń kọ fáìlì tó dé sórí díìsìkì, tún ṣọ́ra: orúkọ tí a bá fún un, tí kò bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò díìsìkì, inú fódà ìgbà díẹ̀ tí a kọ sínú @MultipartConfig ni yóò bọ́ sí, kì í ṣe ibi tí a rò. Mo fi Files.copy kọ ọ́ sínú igbale, lẹ́yìn náà ni Files.move pẹ̀lú ATOMIC_MOVE, tó ń gbé fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ìdajì, gbé e lọ sí àyè rẹ̀. Ìdí tí igbale fi wà lábẹ́ /srv/aso kan náà nìyẹn, nítorí pé irú gbígbé bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣeé ṣe láti orí díìsìkì kan sí òmíràn.

Orúkọ tí fóònù fún àwòrán kò wọ díìsìkì mọ́ rárá. Tẹ́lẹ̀, IMG_0001.jpg ti ahunṣọ kan ní Bùnú máa ń bo IMG_0001.jpg ti ẹlòmíràn ní Ìjùmú mọ́lẹ̀, aṣọ ẹnìkan á sì wá jáde lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, èyí tó ti fa ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹni ibi sì lè fi àmì ../ sínú orúkọ fáìlì láti kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ. UUID.randomUUID(), tó ń dá orúkọ tí kò jọ òmíràn, ló ń fún un ní orúkọ tuntun, a sì ń fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ dá fódà kékeré kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì má bàa kó jọ sójú kan. Orúkọ tí ahunṣọ mọ̀ wà nínú dátábéèsì fún ojú ènìyàn.

Bákan náà ni a kò gba ọ̀rọ̀ búráúsà gbọ́ nípa irú fáìlì. Báìtì ìbẹ̀rẹ̀ ni a ń kà: JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, PNG sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89 50 4E 47. A kọ SVG, àwòrán tí a fi ọ̀rọ̀ kọ, pátápátá, nítorí pé JavaScript lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. HEIC, irú fáìlì àwòrán tí iPhone ti ń lò láti iOS 11 ní 2017, ni ImageIO, irinṣẹ́ àwòrán Java, kò lè kà. Ṣùgbọ́n bí accept nínú fọ́ọ̀mù bá dárúkọ image/jpeg, fóònù náà sábà máa ń yí i padà fúnra rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù àtijọ́ máa ń kó àwòrán mẹ́fà tàbí méje sínú ìránṣẹ́ kan. Ní àwọn abúlé Bùnú tó wà láàárín òkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já nígbà tó bá ku ẹyọ kan, gbogbo dátà tí ahunṣọ fi owó rẹ̀ rà á sì lọ lásán, nítorí pé Tomcat kò lè pín ìránṣẹ́ tí kò dé tán. Báyìí, JavaScript ń fi àwòrán kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́tọ̀, èyí tó bá ti dé ti dé, èyí tó já nìkan ni a ó tún fi ránṣẹ́. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí a fi canvas, irinṣẹ́ àwòrán inú búráúsà, dín àwòrán kù lórí fóònù kí ó tó gbéra. Mo kọ̀, mo sì ṣì rò pé ó tọ́ láti kọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Aṣọ òfì kò dà bí àwòrán ènìyàn. Òwú tó wọ inú òwú lọ ní ìlà ìlà ni, bí a bá sì dín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kù láìbìkítà, ìgbì àjèjì kan máa ń jáde lójú aṣọ, tí ahunṣọ kò hun. Ọ̀nà tó yá jù nínú ImageIO, setSourceSubsampling, ni ó ń ṣe èyí jù, nítorí pé ńṣe ló ń mú àmì (píksẹ́lì) kan tó sì ń fo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, tí àwọn òwú tó fò á sì sọnù láìsí ìṣirò. Nígbà tí mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ han Màmá Akọ̀wé, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ta ló hun èyí? Aṣọ wa kọ́ nìyí.” Mo yí i padà sí dídín kù ní ìdajì ìdajì, pẹ̀lú bilinear, tó ń ṣírò àròpín àwọn àmì tó súnmọ́ra, títí a ó fi súnmọ́ ìwọ̀n tí a ń fẹ́, ìgbì náà sì lọ. Ó lọ́ra jù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń ṣe é fún àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Pupa ló wá ṣẹ́ kù. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè, ní iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ pé pupa ló wà lórí pupa, tàbí pupa tó fara kan dúdú. Nínú àwòrán tí ètò wa dín kù, gbogbo iṣẹ́ ọnà náà dà pọ̀ bí ẹni pé omi dà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ funfun àti búlúù dára. Ohun tó fà á ni pé JPEG máa ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, ẹni tó ń kọ JPEG nínú ImageIO sì máa ń gé àwọ̀ sí ìdajì ní ìbú àti ní gígùn bí a kò bá sọ nǹkan kan. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwú méjì bá ti súnmọ́ ara wọn, àwọ̀ nìkan ló ń fi ìyàtọ̀ hàn, òun gan-an ni a sì ti gé. Mo gbé setCompressionQuality láti 0.75 tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ sí 0.9, fáìlì wú, pupa kò yí padà, nítorí pé ìyẹn kò kan gígé àwọ̀ rárá. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí a mú IIOMetadata (àlàyé tó bá àwòrán rìn) àwòrán náà ní ìrísí javax_imageio_jpeg_image_1.0, kí a wá componentSpec àkọ́kọ́ lábẹ́ sof, kí a sì sọ HsamplingFactor àti VsamplingFactor rẹ̀ di 1. Lẹ́yìn náà ni mo dá quality padà sí 0.82, ìwọ̀n fáìlì sì rọlẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ọnà aṣọ ìpò hàn.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni atilewa fi wà. Bí a bá ti gé àwọ̀ náà kù láti orí fóònù, kò sí ìlànà tó lè dá a padà. Bó ṣe jẹ́ pé ti àtilẹ̀wá wà níbẹ̀, mo kàn tún gbogbo ìwọ̀n títà ṣe láti inú rẹ̀ ni.

Ìyókù níbẹ̀ kò le. ImageIO kì í ka àmì ìdúró tí fóònù kọ sínú EXIF, àlàyé tó wà nínú fáìlì àwòrán, nítorí náà aṣọ tí a yà ní òòró máa ń sùn sílẹ̀. Metadata-extractor, irinṣẹ́ Java kan, ń ka iye náà, tó wà láàárín 1 sí 8, a sì ń yí àwòrán padà bó ṣe yẹ kí a tó kọ ọ́. Bí ImageIO ṣe ń tún un kọ, EXIF ń bọ́ sílẹ̀, títí kan ibi tí GPS sọ pé ilé ahunṣọ wà, èyí tó dára kí ó bọ́. Àwòrán 4000 × 3000 máa ń gba nǹkan bíi 36 MB nínú mẹ́mọ́rì nígbà tí a bá tú u, bó tilẹ̀ jẹ́ 3 MB lórí díìsìkì, nítorí náà iṣẹ́ dídín kù wà nínú newSingleThreadExecutor kan, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. A sì ń bi ImageReader ní ìbú àti gígùn kí a tó tú ohunkóhun, kí fáìlì kékeré kan tó pe ara rẹ̀ ní 50,000 × 50,000 má bàa pa Java.

Ní ti fífi àwòrán han oníbàárà, ohun tó rọrùn jù ni kí a fi Context kan tí docBase rẹ̀ tọ́ka sí /srv/aso/tita kún Tomcat, yóò sì máa bójú tó ETag àti If-Modified-Since, tí búráúsà fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà, fúnra rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí kò ní nginx. Àwa ní i, nítorí náà nginx ló ń fún wọn ní tita tààrà, Java kò sì mọ̀ sí i rárá. Nítorí pé orúkọ UUID kì í yí padà, tí fáìlì kì í sì í yí padà lábẹ́ orúkọ kan, a fi Cache-Control: public, max-age=31536000, immutable sí i, kí búráúsà lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan, pẹ̀lú X-Content-Type-Options: nosniff, kí ó má bàa fi ìméfò yan irú fáìlì. Àwòrán tí mo tún ṣe nítorí pupa gba orúkọ tuntun, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fóònù oníbàárà ì bá máa fi èyí tó dà pọ̀ hàn án fún odindi ọdún kan.

Ti atilewa yàtọ̀. Àwọn ahunṣọ kò fẹ́ kí ẹni tí kò sanwó rí iṣẹ́ ọnà wọn ní ìwọ̀n tí ó lè fi ṣe àdàkọ lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ̀nà. Ìbéèrè fún un ń lọ sọ́dọ̀ servlet, tí yóò wo ẹni tó ń béèrè nínú session, àkọsílẹ̀ ẹni tó ti wọlé. Bí ó bá ní àṣẹ, servlet kò ní ka fáìlì náà fúnra rẹ̀. Yóò kọ X-Accel-Redirect sínú ìdáhùn, nginx á sì gbé fáìlì jáde láti inú location tí a fi internal sí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ̀ lọ láti ìta.

Kíkó àwòrán tó ṣẹ́ kù kúrò nínú webapps ni a ṣe kí WAR tuntun tó wọlé, ètò kékeré kan sì fún wọn lórúkọ, ó sì kọ orúkọ náà sínú dátábéèsì. Àwọn tó ti lọ tẹ́lẹ̀ ni a bẹ àwọn ahunṣọ pé kí wọ́n wá nínú fóònù wọn. Àwọn kan rí ti WhatsApp nìkan, tó ti dín àwòrán kù kí ó tó dé, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì nínú dátábéèsì pé kí wọ́n tún un yà bí aṣọ náà bá ṣì wà nílé.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ń jáde lóru. Mysqldump, tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, ló ń ṣáájú, rsync, tó ń ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì àwòrán, ló ń tẹ̀lé e, títẹ̀léra yẹn sì ṣe pàtàkì: àwòrán tó bá wọlé láàárín méjèèjì yóò jẹ́ fáìlì tí dátábéèsì kò tíì mọ̀, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n bí a bá yí i padà, a ó ní aṣọ nínú dátábéèsì tí àwòrán rẹ̀ kò sí níbì kankan. Nítorí ìdí kan náà, bí ahunṣọ bá pa aṣọ rẹ́, fáìlì rẹ̀ ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ tó yọ ọ́. A ti gbé WAR tuntun sórí sáfà láti ìgbà náà, fún àtúnṣe fọ́ọ̀mù iye owó, àwọn àwòrán sì wà ní àyè wọn. Ohun tó kù nílẹ̀ ni srcset, tó ń jẹ́ kí búráúsà yan ìwọ̀n àwòrán, kí fóònù kékeré má bàa máa gba ìwọ̀n tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n mẹ́ta ti wà lórí díìsìkì, JSP nìkan ni kò tíì mọ̀.